Òòfà oòrùn àti àwọn tó ń ṣọ́ ọ lójoojúmọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2024, tí ìjì oòrùn mú kí ojú sánmà pọ́n koko lórí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ni ìbéèrè ti ń wọlé: kí ló ṣe oòrùn, ta ló mọ̀ pé ó ń bọ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe mọ̀? Mo kó èyí tí wọ́n ń bi mí jù síbí. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn kò gùn. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe tó ni mo ṣe sọ ọ́.

Oòrùn tó ń jó bí iná yìí, báwo ni òòfà ṣe débẹ̀?

Òótọ́ ni pé mágnẹ́ẹ̀tì tí à ń tú lẹ́yìn sípíkà, bí ẹ bá jù ú sínú iná tó gbóná gan-an, agbára rẹ̀ á lọ. Ṣùgbọ́n irin nìkan kọ́ ló ń ní òòfà. Níbikíbi tí iná mànàmáná bá ti ń ṣàn ni òòfà ti ń yọjú. Ẹni tó bá ti wé wáyà mọ́ ìṣó rí, tó sì so ó mọ́ bátìrì, ti fojú ara rẹ̀ rí i. Inú oòrùn, gáàsì tó gbóná débi pé iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá ló wà níbẹ̀, gáàsì náà kì í sì í dúró sójú kan. Ó ń hó, ó sì ń yí. Agbedeméjì rẹ̀ ń yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín bíi ọjọ́ 25, nígbà tí apá òkè pátápátá àti ìsàlẹ̀ pátápátá ń lò tó ọjọ́ 35. Ìhó àti ìyí tí kò bára mu yìí ló ń bí òòfà náà, òun náà ló ń lọ́ ọ bí ẹni ń lọ́ okùn.

Ta ló kọ́kọ́ rí i?

George Ellery Hale ni, ará Amẹ́ríkà, ní ọdún 1908, lórí òkè Mount Wilson ní California. Ó ti ya àwòrán oòrùn nínú ìmọ́lẹ̀ pupa tí gáàsì háídírójìn ń tàn, ó sì rí i pé gáàsì tó yí àwọn àbàwọ́n dúdú ojú oòrùn ká ń lọ́ bí ìjì líle. Ó rò ó pé bí ohun tó ru iná mànàmáná bá ń yí báyìí, òòfà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ní 1896, Pieter Zeeman ní ilẹ̀ Netherlands ti fi hàn pé bí iná bá ń tàn láàárín òòfà tó lágbára, àwọn ìlà inú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á là sí méjì tàbí mẹ́ta. Hale gbájú mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú àbàwọ́n wá. Ó bá àwọn ìlà náà ní lílà. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ aráyé kọ́kọ́ mọ̀ pé òòfà wà níbòmíràn yàtọ̀ sí ilé ayé.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé èrò tó gbé Hale débẹ̀ kò tọ̀nà. Kì í ṣe ìjì háídírójìn yẹn ló ń bí òòfà. Òòfà ló ń darí gáàsì. Baba náà ṣìnà, ó sì dé ibi tó ń lọ.

Ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ “ìlà” yẹn dáadáa. Báwo lèèyàn ṣe ń wọn òòfà láti 150 mílíọ̀nù kìlómítà?

Ẹ mú CD àtijọ́ kan, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kàn án lára, ẹ ó rí àwọ̀ òṣùmàrè. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó lè na òṣùmàrè náà kó gùn gan-an, ẹ ó rí àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín tó há sáàárín àwọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan dà bí ilà ojú: ẹ bá rí i, ẹ ti mọ ìdílé tó ti wá. Irin ní tirẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù ní tirẹ̀. (Bẹ́ẹ̀ ni, irin wà nínú oòrùn, àmọ́ gáàsì ni.) Níbi tí òòfà kò bá sí, ìlà irin náà á dúró ní ẹyọ kan. Níbi tí òòfà bá wà, á là. Bí òòfà bá ṣe lágbára tó ni àlàfo àárín rẹ̀ á ṣe fẹ̀ tó, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ náà gbà ń yí, sọ́tùn-ún tàbí sósì, á sì sọ bóyá òòfà kọjú sí wa tàbí ó kẹ̀yìn sí wa.

Gauss ni wọ́n fi ń kà á. Òòfà ayé tó ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì jẹ́ bíi ìdajì gauss. Ti inú àbàwọ́n oòrùn máa ń jẹ́ 2,000, ó máa ń jẹ́ 3,000, ó sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà míì. Ní ìkangun oòrùn, lókè àti nísàlẹ̀, kì í ju gauss mélòó kan lọ. Ẹ fi nọ́ńbà kékeré yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Àbàwọ́n náà ńkọ́? Ṣé ihò ni?

Rárá. Ibi tí òòfà ti lágbára tó bẹ́ẹ̀ ni, tó fi dí gáàsì gbígbóná lọ́wọ́ láti gòkè wá. Ojú oòrùn tó kù gbóná tó bíi dígírì 5,500; àárín àbàwọ́n kò ju bíi 3,500 sí 4,000 lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń dúdú lójú wa. Bí ẹ bá lè yọ ọ́ síta kó dá wà nínú òkùnkùn, á máa tàn yòò.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wò ó lójoojúmọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan kò tó ni?

Bí ẹni rí ọjà lọ́jọ́ kan péré ni, tó wá ń sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Oòrùn ní ọjọ́ ọjà tirẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tí ọjà tú.

Samuel Heinrich Schwabe, apoògùn kan ní ìlú Dessau ní Jámánì, ló kọ́kọ́ fi èyí hàn. Láti 1826 ló ti ń ka àbàwọ́n ní gbogbo ọjọ́ tí oòrùn bá ràn. Pílánẹ́ẹ̀tì kan tó rò pé ó wà nítòsí oòrùn ló ń wá. Kò rí pílánẹ́ẹ̀tì kankan, àmọ́ lẹ́yìn ọdún 17 ìwé rẹ̀ fi hàn pé àbàwọ́n ń pọ̀, ó ń dín kù, ó tún ń pọ̀, láàárín bíi ọdún mẹ́wàá. Ọdún 11 la mọ̀ ọ́n sí báyìí.

Hale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi òòfà kún un. Àbàwọ́n sábà máa ń rìn ní méjì-méjì, aṣíwájú àti atẹ̀lé. Bí aṣíwájú bá jẹ́ orí àríwá òòfà, atẹ̀lé á jẹ́ orí gúúsù. Ní ìdajì òkè oòrùn, gbogbo aṣíwájú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ irú kan náà. Ní ìdajì ìsàlẹ̀, òdìkejì ni. Bí ìyípo tuntun bá wá bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á yí padà. Nítorí náà, ọdún 22 ni oòrùn ń lò kó tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọmọ ọdún 25, tó sì fẹ̀yìn tì ní 65, kò ní rí irú ìyípo bẹ́ẹ̀ tó méjì. Iṣẹ́ tí a ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ ni.

Ní àwọn ọdún 1950, Harold Babcock àti ọmọ rẹ̀ Horace ṣe ẹ̀rọ tó lè wọn òòfà kékeré tó wà ní ìkangun. Láàárín ọdún 1957, òòfà ìkangun gúúsù yí padà. Ti àríwá kò yí títí di oṣù kọkànlá 1958. Fún ọdún kan àti ju bẹ́ẹ̀ lọ, oòrùn ní orí méjì tó jẹ́ irú kan náà, bí ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ti apá òsì. Ẹni tó bá wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yẹn, tó wá kó ẹrù rẹ̀ lọ, ìròyìn tó máa mú bọ̀ wálé á ya èèyàn lẹ́nu.

Báwo ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ náà ṣe rí gan-an?

Mount Wilson ni mo fẹ́ràn láti fi ṣàpẹẹrẹ. Ilé ìṣọ́ irin kan wà níbẹ̀ tó ga tó mítà 46, tí wọ́n parí ní 1912. Ilé ìṣọ́ méjì ni, ọ̀kan nínú èkejì: gbogbo ẹsẹ̀ àti ọ̀pá tó gbé dígí dúró wà nínú ọ̀pá míì tó ṣófo, kí atẹ́gùn lè máa lu tòde láìkan tinú. Dígí orí rẹ̀ ń darí ìmọ́lẹ̀ sọ̀kalẹ̀ tààrà, oòrùn á wá jókòó sórí tábìlì nísàlẹ̀ ní àwòrán roboto tó fẹ̀ ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ.

Òṣìṣẹ́ á tẹ́ bébà sábẹ́ àwòrán yẹn, á mú pẹ́ńsù, á máa tọ ẹsẹ̀ àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan. Àwòrán náà kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ń gbọ̀n bí òjìji lórí omi, nítorí afẹ́fẹ́ òkè ń yẹ̀ ẹ́. Bó bá yà á tán, á tọ́ ìmọ́lẹ̀ àbàwọ́n kan sínú kòtò tí ẹ̀rọ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, á wo bí ìlà ṣe là tó, á sì kọ lẹ́tà kan àti nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. R tàbí V ni lẹ́tà náà, láti sọ apá ibi tí òòfà kọjú sí. Nọ́ńbà ń ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún gauss. Bí ẹ bá rí V24, 2,400 gauss nìyẹn. Àwòrán àkọ́kọ́ jẹ́ ti oṣù kìíní 1917. Láti ìgbà náà ló ti ń kún bí káàdì alájọ: ọjọ́ kan, àmì kan, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, àyè òfìfo.

Sátẹ́láìtì ti wà. Kí ni wọ́n tún ń fi ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe?

Ìbéèrè yìí ló dùn mọ́ mi jù. Ní Yunifásítì Stanford, ibùdó kan wà tí à ń pè ní Wilcox Solar Observatory, tí wọ́n fi orúkọ John Wilcox sọ lẹ́yìn tó kú ní 1983. Láti oṣù karùn-ún 1976 ló ti ń wọn òòfà oòrùn. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà: ìpín kan tó ń wò tóbi débi pé bíi 11 péré ló máa tẹ́ ojú oòrùn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ẹ̀rọ HMI tó wà lórí sátẹ́láìtì SDO ní 4,096. Bí ẹ bá gbé méjèèjì síwájú ọmọdé, á ní kí ẹ da ti Wilcox nù.

Àmọ́ ohun tí Wilcox ní, tí HMI kò lè ní, ni pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Bí wọ́n ṣe ń wọn ọ́n ní 1976 náà ni wọ́n ṣe ń wọn ọ́n títí. Òṣùwọ̀n ọjà ni: bí ìyá oníṣòwò bá ń fi kóńgò kan náà wọn gàrí láti ogójì ọdún, kóńgò yẹn lè ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ bó bá sọ fún yín pé gàrí tọdún yìí kò tó tèṣí, ẹ lè gbà á gbọ́. Ẹni tó ń pààrọ̀ kóńgò lọ́dọọdún kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ewu pípààrọ̀ kì í ṣe àlá. SOHO ni sátẹ́láìtì tó ṣáájú, tí wọ́n gbé lọ sókè ní oṣù kejìlá 1995, ẹ̀rọ MDI ló sì ń wọn òòfà lórí rẹ̀. SDO tẹ̀ lé e ní oṣù kejì 2010. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí MDI àti HMI jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ fúngbà díẹ̀, kí wọ́n lè fi wéra. Ibi kan náà, àkókò kan náà: ohun tí MDI kà jẹ́ bíi ìlọ́po 1.4 ohun tí HMI kà. Ká ní ọ̀kan ti kú kí èkejì tó dé ni, ẹnìkan ì bá ti jókòó kọ ìwé pé òòfà oòrùn ṣàdédé fà sẹ́yìn.

Báwo ni ti sátẹ́láìtì ṣe ń yá tó?

HMI ń ya gbogbo ojú oòrùn ní ìṣẹ́jú-àáyá 45 síra. Kò sí òjò lókè níbẹ̀, òru kì í sì í sábà dí i lójú. Lórí ilẹ̀, GONG ló ń gbìyànjú bẹ́ẹ̀: ibùdó mẹ́fà tó yí ayé ká, ní California, Hawaii, Ọsirélíà, Íńdíà, erékùṣù Canary àti Chile, kí oòrùn má baà wọ̀ lójú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé wọ́n ti rí ìkangun oòrùn lójúkojú?

Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó rí i dáadáa. Láti ayé, ẹ̀gbẹ́ oòrùn là ń wò. Ó kàn fi orí mi díẹ̀ sí wa ni, dígírì 7 àti díẹ̀: oṣù kẹsàn-án la máa ń rí díẹ̀ nínú òkè rẹ̀, oṣù kẹta ni ìsàlẹ̀ máa ń yọ. Bí ẹni ń ka àkọlé tó wà lórí ìdérí ìkòkò láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni. Solar Orbiter, tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà jọ rán lọ ní oṣù kejì 2020, ló yí ọ̀nà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí ìlà tí ayé ń tọ̀. Ní oṣù kẹta 2025, ó wo ìkangun gúúsù láti dígírì 17 nísàlẹ̀ agbedeméjì oòrùn. Ohun tó bá níbẹ̀ ni òòfà àríwá àti gúúsù tó dà pọ̀ mọ́ra wọn wúruwùru, nítorí àsìkò ìyípadà gan-an ló débẹ̀.

Ṣé wọ́n lè fi sọ ohun tó ń bọ̀?

Nọ́ńbà kékeré tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ló kàn. Nígbà tí àbàwọ́n bá tán lójú oòrùn, òòfà fẹ́ẹ́rẹ́ tó kù ní ìkangun ni irúgbìn ìyípo tó ń bọ̀. Yíyí oòrùn ló máa fà á gùn, tó máa lọ́ ọ, títí á fi lágbára tó láti yọ síta bí àbàwọ́n. Irúgbìn kékeré, ìkórè kékeré.

Ní 2005, Leif Svalgaard àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wo ìwé Wilcox, wọ́n rí i pé òòfà ìkangun kò tíì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọn ọ́n. Wọ́n ní ìyípo 24 (ti ọdún 11 ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà) lè jẹ́ èyí tó kéré jù láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn míì gbé ìṣirò kọ̀ǹpútà ńlá jáde, wọ́n ní yóò fi ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ju ìyípo 23 lọ. Ìyípo 23 ti dé 180 (iye àbàwọ́n tí wọ́n ń kà ni). Ìyípo 24 dé ṣónṣó rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2014, ní 116. Ìwé Wilcox jàre.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín: ìyípo 25, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2019, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀ràn ní á dé 115. Bíi 160 ló dé, ní ìparí 2024.

Mo gbọ́ pé òòfà oòrùn ń yí padà, ayé fẹ́ parẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ó yí padà ní bíi 2013 sí 2014. Kí lẹ ń ṣe lọ́jọ́ náà?

Ṣé oòrùn ló fa ooru tó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún?

Láti ìgbà tí àbàwọ́n bá pọ̀ jù dé ìgbà tó kéré jù, agbára tí oòrùn ń rán sí wa kò fi ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún yàtọ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ooru ayé ń gòkè ni, kò bá a padà.

Kí ló kan àwa tó wà nílẹ̀ Yorùbá?

Ó kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ayé ní ìlà agbedeméjì òòfà tirẹ̀, apá àríwá Nàìjíríà ló sì gbà kọjá. Lókè ìlà yẹn, ní nǹkan bí 100 kìlómítà sójú ọ̀run, odò iná mànàmáná kan ń ṣàn lọ́sàn-án, oòrùn ló sì ń mú un ṣàn. Ní àwọn ọdún 1950, Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀rọ tó ń ta ìró rédíò sókè láti yẹ ojú ọ̀run wò. Nígbà Ọdún Ìwádìí Ayé Lágbàáyé, láti oṣù keje 1957 dé oṣù kejìlá 1958, Ìbàdàn wà lára àwọn ibi tó ń kó àkọsílẹ̀ jọ. Ẹ wo bó ṣe bá a mu: àsìkò yẹn gan-an ni Babcock ń wo ìkangun oòrùn tó ń yí padà, ìyípo tó sì wà lóde, ìkọkàndínlógún, ló tíì ga jù láti ìgbà tí wọ́n ti ń ka àbàwọ́n. Ẹnìkan ń wo ẹni tó ń ju òkò ní California, ẹlòmíràn ń ka òkò tó ń balẹ̀ n'Íbàdàn.

Lónìí, GPS ni ọ̀rọ̀ ti ń kàn wá. Lágbègbè wa, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, afẹ́fẹ́ òkè tó ní iná mànàmáná máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, àmì tó ń ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì bọ̀ á wá máa ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Ó máa ń burú lọ́dún tí àbàwọ́n bá pọ̀. Ẹni tó ń fi fóònù wá ilé àríyá lè má mọ̀. Sọ̀fíyọ̀ tó fẹ́ mọ ààlà ilẹ̀ dé ìwọ̀n ìka kan á mọ̀.

Ti iná NEPA, ẹ má di ẹ̀bi rẹ̀ ru oòrùn. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 1989, ìjì oòrùn paná ní Quebec, ní Kánádà. Láàárín bíi ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ dà lulẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn sì wà lókùnkùn fún bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n itòsí ìkangun ayé ni irú ìyẹn ti ń jà jù. Tiwa ní ìdí tirẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2024 pàápàá, àwọn àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí katakata wọn ń fi GPS gbin àgbàdo ló pariwo jù: ẹ̀rọ ò mọ ibi tí ebè wà mọ́.

Kí ló máa ń da iṣẹ́ yìí rú?

Owó ni, ju ìkùukùu lọ. Ní 2013, iṣẹ́ wíwọn òòfà gbogbo ojú oòrùn tí wọ́n ti ń ṣe ní ilé ìṣọ́ Mount Wilson láti àwọn ọdún 1960 dúró, nítorí owó tán. Iná igbó náà ti sún mọ́ òkè yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní òpin oṣù kọkànlá 2024 ẹ̀wẹ̀, páìpù omi bẹ́ ní Stanford, omi sì ya wọ yàrá kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń ṣètò àkọsílẹ̀ SDO. Sátẹ́láìtì kò tilẹ̀ mọ̀. Ó ń wo oòrùn rẹ̀ lọ lókè. Nísàlẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń gbọ́n omi. Ẹ̀rọ tó ń wo ohun tó jìnnà tó 150 mílíọ̀nù kìlómítà, páìpù ló dá àkọsílẹ̀ rẹ̀ dúró!

Ṣé èmi náà lè wò ó?

Ẹ má fi ojú lásán wo oòrùn o. Awò dúdú tí wọ́n ń tà lójú títì kò tó, bẹ́ẹ̀ ni omi inú agbada kò dín ewu rẹ̀ kù. Ẹ dá ihò abẹ́rẹ́ lu páálí, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ bọ́ sórí bébà funfun nínú iyàrá tó ṣókùnkùn. Tí bébà bá jìnnà sí ihò tó mítà mẹ́ta, oòrùn á fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Àbàwọ́n tó tóbi gan-an nìkan lẹ lè rí níbẹ̀.

Fún òòfà, àwòrán SDO wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ wá èyí tí kò ní àwọ̀, ti HMI. Funfun ni òòfà tó ń jáde sọ́dọ̀ wa, dúdú ni èyí tó ń wọlé padà, àwọ̀ eérú ni ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan. Òkè ni àríwá, aṣíwájú sì wà lápá ọ̀tún. Nínú ìyípo 25 yìí, ẹ ó rí i pé ní ìdajì òkè, funfun ló wà lọ́tùn-ún, dúdú tẹ̀ lé e lósì. Ní ìdajì ìsàlẹ̀, dúdú ló ṣáájú. Díẹ̀ lára wọn máa ń ya olórí kunkun, àmọ́ wọn kò pọ̀. Ẹ tẹ ọ̀kan jáde sórí bébà, ẹ kọ déètì sẹ́yìn rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ sáàárín Bíbélì tàbí Kùránì ilé yín. Bí ìyípo 26 bá ti gbéra dáadáa, bóyá ní bíi ọdún 2032, ẹ tẹ òmíràn, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní ìdajì òkè, dúdú á ti gba ọwọ́ ọ̀tún.